Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Kí Ló Ń Mú Kí Ọ́ìlì Tuntun Yára Dúdú Nínú Ẹ́ńjìnnì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ń lo dísù ni mò ń wà. Láìpẹ́ yìí ni mo pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀. Ojú mi ni mẹkáníìkì ṣe já ìdérí kẹ́ẹ̀gì, mo sì rí i pé ọ́ìlì náà mọ́ gaara. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún mi nígbà tí mo délé tí mo yọ géèjì, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, wò, tí mo bá a pé ó ti dúdú kirikiri. Àbúrò mi náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì yìí kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ tirẹ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ti kọjá báyìí tí ọ́ìlì tirẹ̀ ṣì mọ́. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi ọ́ìlì àlòkù rẹ́ mi jẹ, àbí ẹ́ńjìnnì mi ló ti ń bàjẹ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì bá mẹkáníìkì yín jà. Kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísù dúdú láàárín ìrìn tí ẹ rìn láti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì títí dé ilé. Bó bá jẹ́ pé ó ṣì mọ́ gaara lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà náà gan-an ni ọ̀rọ̀ ìbá yà wá lẹ́nu. Ohun méjì ló ń fà á. Ọ̀kan wà nínú ọ̀nà tí a ń gbà da ọ́ìlì nù, èkejì sì wà nínú bí dísù fúnra rẹ̀ ṣe ń jó.

Nígbà tí mẹkáníìkì bá tú nọ́ọ̀tì abẹ́ páànù ọ́ìlì, ohun tó ń ṣàn jáde kò ju ọ́ìlì tó ti sọ̀kalẹ̀ sínú páànù lọ. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ara irin, èyí tó wà nínú àwọn ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà dé orí ẹ́ńjìnnì, àti èyí tó dúró sínú tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì) tàbí sínú ẹ̀rọ tó ń mú ọ́ìlì tutù, bí ọkọ̀ náà bá ní wọn, yóò ṣẹ́kù síbẹ̀. Bí ibi tí ọkọ̀ dúró sí kò bá tẹ́jú, tàbí tí wọ́n tú nọ́ọ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù tí ọ́ìlì inú rẹ̀ sì ti ki, èyí tó ṣẹ́kù a tún máa pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí sì nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n tó tú u, tí wọn kì í sì í kánjú dí i padà. Ẹ mú ẹ́ńjìnnì tó ń gba líítà 5 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ: bí ìlàjì líítà péré bá ṣẹ́kù, a jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ẹ ń pè ní ọ́ìlì tuntun ti di ògbólógbòó kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí nǹkan yìí ṣe lágbára tó lè bu ọ́ìlì tuntun sínú ìgò funfun, kó kán ṣíbí kékeré kan lára ọ́ìlì àlòkù ẹ́ńjìnnì dísù sí i, kó sì mì í. Àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà lójú rẹ̀.

Bó ti wù kó rí, ìdí kejì ló wúwo jù. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí a mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, epo àti afẹ́fẹ́ ti máa ń dàpọ̀ dáadáa kí pílọ́ọ̀gì tó ràn wọ́n. Ti dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò tí à ń pè ní sílíńdà, máa ń tẹ̀ pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan, ẹ̀yìn náà ni a óò tó fọ́n dísù sínú rẹ̀, tí yóò sì gbiná fúnra rẹ̀ láìsí pílọ́ọ̀gì. Ní ojú ibi tí a fọ́n ọn sí, epo máa ń pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tó yẹ kó bá a jó lọ, èyí tí kò rí afẹ́fẹ́ tó a sì di lúbúlúbú dúdú. Púpọ̀ nínú lúbúlúbú yìí ló ń bá èéfín jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì tó wà lára ògiri sílíńdà, tí ríǹgì písítìnnì, ìyẹn òrùka irin tó yí i ká, yóò sì ha á sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń bá afẹ́fẹ́ yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì wọ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Kò sí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí èyí kì í ṣẹlẹ̀, kódà bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Àwọn ẹ́ńjìnnì dísù ìgbàlódé tó ní fáàfù tó ń dá díẹ̀ lára èéfín padà sínú sílíńdà, kí oró inú èéfín tó ń jáde lè dínkù, tún máa ń mú kí lúbúlúbú náà pọ̀ sí i nínú ọ́ìlì.

Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì mọ̀ pé èyí yóò ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti pèsè sílẹ̀ dè é. Wọ́n máa ń po àwọn èròjà kan mọ́ ọ́ìlì tí iṣẹ́ wọn ni láti rọ̀gbà yí lúbúlúbú kọ̀ọ̀kan ká, kí wọ́n má baà so mọ́ ara wọn, kí wọ́n má sì silẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Èròjà mìíràn tún wà nínú ọ́ìlì kan náà tó ń ṣí ìdọ̀tí kúrò lára irin, tó sì ń pa oró ásíìdì. Nígbà tí a bá ti tú lúbúlúbú ká báyìí, gbogbo ọ́ìlì ni yóò dúdú, nítorí pé ohun dúdú díẹ̀ tó fọ́n káàkiri máa ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà ju èyí tó dì sójú kan lọ. Ọ́ìlì tí kò ní èròjà wọ̀nyí lè mọ́ lójú géèjì ju tiyín lọ, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí a kò rí nínú ọ́ìlì kò pòórá. Ara ẹ́ńjìnnì ló lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa di ẹrẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ràn ọ́ìlì tí kì í tètè dúdú. Lójú tèmi, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísù tó bá mọ́ fún ìgbà pípẹ́ ló yẹ kí a fura sí.

Ẹ lè ní kí wá ni iṣẹ́ fílítà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ẹ jẹ́ ká pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìpín náà ni à ń pè ní máíkírọ́ọ̀nù. Irun orí èèyàn máa ń nípọn tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 70. Fílítà ọ́ìlì tó wọ́pọ̀ ni a ṣe láti mú ohun tó tóbi tó máíkírọ́ọ̀nù 20 sí 40, irú bíi èérún irin àti iyanrìn, ìyẹn àwọn ohun tó lè ha bẹ́ríǹgì tí àwọn irin tó ń yí jókòó lé. Lúbúlúbú inú ọ́ìlì kò tó máíkírọ́ọ̀nù 1, nítorí náà ó ń bá ọ́ìlì gba inú fílítà kọjá ni láìsí ìdíwọ́. Kò sí fílítà tuntun kan tó lè dá àwọ̀ ọ́ìlì padà.

Kókó tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé kí lúbúlúbú náà tó dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ọ́ìlì, ọ́ìlì ti dúdú tipẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni a ṣe ọ́ìlì dísù tó dára kó lè gbé ju ìyẹn lọ láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fara pa. Láti ọjọ́ tó ti dúdú títí di ọjọ́ tó yẹ kí a dà á nù, ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ kankan. Kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn àti iye oṣù tó ti kọjá, gẹ́gẹ́ bí ìwé tó bá ọkọ̀ wá ṣe là á sílẹ̀, ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Àwọn tó ní ọkọ̀ púpọ̀ máa ń fi ọ́ìlì ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n ti ń wo bó ṣe ki tó, iye lúbúlúbú tó wà nínú rẹ̀, agbára tó kù fún un láti pa ásíìdì, àti irú irin tó ti jẹ wọ inú rẹ̀.

Ní ti àbúrò yín, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kì í sábà pèsè lúbúlúbú tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ooru máa ń sọ ọ́ìlì rẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí wọ́n ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà ni kò bá a mu, nítorí tiwọn máa ń yára dúdú díẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

Ìfura yín náà kò sì burú, nítorí ọ́ìlì ayédèrú wà lóòótọ́. Bí ẹ bá tún fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, nígbà tí wọ́n bá da tuntun sínú ẹ́ńjìnnì tán, kí wọ́n tó sítáàtì ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ yọ géèjì, ẹ nù ún mọ́, ẹ tì í padà, ẹ tún yọ ọ́, kí ẹ sì fi ẹnu rẹ̀ kan bébà ìnuwọ́ funfun. Ohun tó yẹ kí ẹ rí ni ọ́ìlì tó mọ́ tàbí tó fẹ́ ní àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sítáàtì ọkọ̀, kó ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n pa á, kí ẹ sì tún fi géèjì kan ẹ̀gbẹ́ ojú àkọ́kọ́ lórí bébà náà. Ẹ ó rí bí àwọ̀ ṣe yí padà láàárín ojú méjèèjì. Àmọ́ bí ojú àkọ́kọ́ bá ti dúdú kí ọkọ̀ tó sítáàtì rárá, yálà wọn kò jẹ́ kí ti tẹ́lẹ̀ ro tán ni, tàbí ohun tí wọ́n dà sí i kì í ṣe tuntun. Ìgbà náà ni ẹ ní ohun tí ẹ lè bi mẹkáníìkì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin àgbà, mo ra ọkọ̀ bẹntiróòlù kan lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó fún ìgbà pípẹ́, n kò sì mọ bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá pààrọ̀ ọ́ìlì, kì í tó kìlómítà 1,000 tí yóò fi dúdú. Ẹnìkan sọ fún mi pé kí n da dísù tàbí kẹrosíìnì sínú ẹ́ńjìnnì, kí n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí n sì tú gbogbo rẹ̀ dànù, pé yóò fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Dísù àti kẹrosíìnì ṣàn ju ohun tó lè dúró láàárín irin méjì tó ń yí lọ, àwọn bẹ́ríǹgì ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé wọ́n lè ṣí ẹrẹ̀ tó ti dì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó jábọ́ sínú páànù, kí ó sì lọ dí asẹ́ tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù ọ́ìlì. Ibi tí ọ́ìlì kò bá ti gòkè mọ́, iná pupa ọ́ìlì á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ láìlọ́ìlì kò sì ní í pẹ́ kó tó nọ́ọ̀kì. Dísù tàbí kẹrosíìnì tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ yóò tún mú kí ọ́ìlì tuntun yín ṣàn jù. Àwọn èròjà ìfọ-ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń tà nínú agolo sàn ju kẹrosíìnì lọ, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ sí i fún ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, tí a kò sì mọ ìtàn rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí dúdú tí ẹ ń rí má burú rárá. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ti ń pẹ́ kó tó pààrọ̀ ọ́ìlì, ìdọ̀tí yóò ti gbà á lára, ọ́ìlì tuntun tí ẹ ń dà sí i ló sì ń ṣí i kúrò díẹ̀díẹ̀. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ pín àkókò tí ìwé ọkọ̀ sọ sí méjì. Bó bá ní kí ẹ máa pààrọ̀ ní kìlómítà 10,000, ẹ máa pààrọ̀ ní 5,000 fún ìgbà bíi méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú fílítà tuntun ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì máa ṣọ́ bóyá ó ń pẹ́ sí i kó tó dúdú. Bó bá ń pẹ́ sí i, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti ń mọ́ nìyẹn.

Bí kò bá pẹ́ sí i ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo fáàfù kékeré tó ń fa èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kò sí ríǹgì písítìnnì tí ohunkóhun kì í yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: epo tí kò jó, omi tó ti di ooru, àti oríṣiríṣi oró inú èéfín. Fáàfù yìí ló ń kó wọn kúrò. Bó bá dí, orí ọ́ìlì ni gbogbo rẹ̀ yóò máa dà lé. Ó dùn mí pé ìgbà tí wọ́n bá ti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tán ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń rántí ohun kékeré yìí. Ẹ̀yin náà lè ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ọkọ̀ dúró tó sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ ṣọ́ra fún ọ́ìlì tó lè ta sí yín lára. Èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ kò burú. Bó bá ń tú jáde pẹ̀lú agbára, tí fáàfù sì dára, ó ṣeé ṣe kí ríǹgì ti jẹ, kí wọ́n sì wọn agbára ìtẹ̀ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan kó lè dá wa lójú.

Ooru náà wà níbẹ̀. Ọ́ìlì inú páànù a máa gbóná tó nǹkan bíi 100°C, ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìnnì, ooru máa ń ju 200°C lọ. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ọ́ìlì fi ń ṣírò ni pé bí ooru bá fi 10°C lé sí i, bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe ń ba ọ́ìlì jẹ́ yóò yá kánkán sí i ní ìlọ́po méjì. Ọkọ̀ tó bá ń gbóná jù kò lè jẹ́ kí ọ́ìlì rẹ̀ pẹ́. Kí ẹ sì rí i dájú pé irú ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ bèèrè ni ẹ ń rà, nọ́ḿbà bíi 5W-30, tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó, àti lẹ́tà API (ẹgbẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń pín ọ́ìlì sí ìsọ̀rí) tó wà lára kẹ́ẹ̀gì. Lẹ́tà tó bá fi S bẹ̀rẹ̀, bíi SP, jẹ́ ti bẹntiróòlù. Èyí tó bá fi C bẹ̀rẹ̀, bíi CK-4, jẹ́ ti dísù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ́ìlì yín ṣì lágbára, ẹ gbìyànjú ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ọ́ìlì ṣì gbóná, ẹ fi géèjì kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun tó ń fa omi, bíi bébà tí a fi ń sẹ́ kọfí, kí abẹ́ rẹ̀ má fara kan ohunkóhun, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn mọ́jú. Bí dúdú náà bá tàn káàkiri, tó ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ láti àárín dé etí, àwọn èròjà inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé dúdú dì sí àárín, tí etí rẹ̀ gé gẹ́rẹ́, tí ọ́ìlì tó mọ́ nìkan sì tàn yí i ká, agbára àtigbé ìdọ̀tí ti tán nínú ọ́ìlì yẹn, kò sì yẹ kí ó tún pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì. Kò tó ti yàrá àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ó sọ ju ohun tí wíwo géèjì lásán lè sọ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Gáàsì ni ọkọ̀ mi ń lò. Ọ́ìlì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúdú, kódà lẹ́yìn ọdún kan. Ṣé n lè máa lò ó lọ?

ÌDÁHÙN: Rárá. Gáàsì máa ń jó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lúbúlúbú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kò dínkù. Ọ́ìlì yín lè mọ́ lójú, kó ti máa ki, kí èròjà tó ń pa ásíìdì sì ti fẹ́ẹ̀ tán nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé kìlómítà tàbí oṣù tí ìwé ọkọ̀ sọ, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé.

ÌBÉÈRÈ: Àwọ̀ dúdú kọ́ ni tèmi. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, mo rí ohun kan lábẹ́ rẹ̀ tó ki, tó sì rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Omi ló bá ọ́ìlì pò. Ẹ yọ géèjì wò kí ẹ tó sítáàtì ọkọ̀ náà. Bí ọ́ìlì ara géèjì bá dára, tí omi rédíétọ̀ kò dínkù, tó sì jẹ́ pé ìrìn kúkúrú ni ẹ sábà ń fi ọkọ̀ náà rìn, omi tó ti di ooru nínú ẹ́ńjìnnì ló tún padà di omi lábẹ́ ìdérí nítorí pé kì í gbóná tó kó tó tún pa. Ẹ nù ún kúrò, kí ẹ fi ọkọ̀ náà rin ìrìn gígùn kan, kí ẹ sì tún wò ó.

Bí ti ara géèjì náà bá ti rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí omi rédíétọ̀ ń lọ tí ẹ kò rí ibi tó ń jò sí, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) tàbí ẹ̀rọ tó ń mú ọ́ìlì tutù ló ṣeé ṣe kó ti bàjẹ́. Ẹ má sítáàtì rẹ̀, ẹ má sì wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì; ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ lọ. Kí ẹ̀yin tó ń lo dísù náà máa ṣọ́ ìwọ̀n ọ́ìlì lójú géèjì, nítorí bó bá ń gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì sí i, yálà omi ni tàbí dísù tí kò jó ló ń ṣàn sínú páànù, òórùn rẹ̀ lára bébà ìnuwọ́ a sì máa sọ èyí tó jẹ́ dísù.